Ronald Ross: Ẹyẹ ológoṣẹ́ ló tú àṣírí ẹ̀fọn fún un

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀ lónìí pé ẹ̀fọn ló ń fa ibà ni kò mọ̀ pé ara ẹyẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rí rẹ̀. Dókítà Ronald Ross, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí sí Almora lórílẹ̀-èdè Íńdíà lọ́dún 1857, ló ṣe iṣẹ́ náà.

Ewì àti orin ni Ross fẹ́ràn, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gágun, fi dandan lé e pé iṣẹ́ dókítà ni kó kọ́. Ọdún 1881 ló wọ iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà.

Afẹ́fẹ́ burúkú inú irà ni ọ̀pọ̀ ń di ẹ̀bi ibà rù nígbà náà. Dókítà Patrick Manson ló gbà á nímọ̀ràn pé kó wo ara ẹ̀fọn. Lọ́jọ́ 20, oṣù Kẹjọ, ọdún 1897, nílùú Secunderabad, ó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn tó mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan, Husein Khan, ẹni tí Ross ń sanwó fún lórí ẹ̀fọn kọ̀ọ̀kan tó bá jẹ ẹ́. Owó gidi lèyí!

Ibi tí ìwádìí ti dùn ni ìjọba ti gbé e lọ sí Kherwara, níbi tí ibà kò ti wọ́pọ̀. Nígbà tó dé Calcutta lọ́dún 1898, ẹ̀rù ba àwọn aráàlú láti jẹ́ kó yẹ ara wọn wò, ló bá yíjú sí ológoṣẹ́, torí pé ẹyẹ náà ní ibà tirẹ̀. Ó rí i pé kòkòrò náà ń ti ikùn ẹ̀fọn lọ síbi tí itọ́ rẹ̀ wà, àti pé bí irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀ bá jẹ ológoṣẹ́ tí ara rẹ̀ dá, ibà á mú un. Bí àṣírí ṣe tú nìyẹn.

Lọ́dún 1898 yìí kan náà ni Giovanni Grassi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì fìdí ti ènìyàn múlẹ̀. Ross nìkan ló gba ẹ̀bùn Nobel ọdún 1902, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn jà títí Grassi fi kú. Ká má parọ́, ìjà náà kò bu iyì kún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Lọ́jọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1932 ni Ross kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Irú kòkòrò tó rí níbi itọ́ ẹ̀fọn yẹn gan-an ni abẹ́rẹ́ àjẹsára RTS,S àti R21, tí àjọ WHO fọwọ́ sí lọ́dún 2021 àti 2023, ń kọ́ ara ọmọdé láti bá jà. Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní R21 ní ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa.