AR-RAZI: ONÍṢÈGÙN TÓ YA ṢÀNPỌ̀NNÁ SỌ́TỌ̀ KÚRÒ LÁRA ÈÉYI

 

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéú wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ará mọ́sáláṣí, bí ẹ bá wo apá àwọn bàbá àti ìyá wa àgbà, ẹ ó rí àpá róbótó kan lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àpá bupá ni. Wọ́n gbà á nígbà tí ṣànpọ̀nná ṣì ń pa tọmọdé tàgbà nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀rù àrùn náà pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀; Olóde tàbí ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá yè é, ṣàṣà kì í kúrò lójú rẹ̀, ẹlòmíràn a sì fọ́jú. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ lónìí kò mọ àrùn yìí rárá. Nítorí náà ni a fi rí i pé ó yẹ kí á sọ ìtàn oníṣègùn kan nínú ayé Mùsùlùmí, ẹni tó kọ ìwé lórí ṣànpọ̀nná àti èéyi ní ohun tó lé ní 1,000 ọdún sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ni Abu Bakr Muhammad ọmọ Zakariyya Ar-Razi.

Ìbí àti ìgbà èwe rẹ̀

Ìlú Rayy ni wọ́n ti bí i ní ọdún 251 lẹ́yìn Hijira, èyí tó bọ́ sí ọdún 865 ti mílàdí. Rayy kò jìnnà sí Tehran tó jẹ́ olú-ìlú Iran lóde òní. Orúkọ ìlú yìí ni wọ́n fi ń pè é ní Ar-Razi. Nígbà èwe rẹ̀, ó mọ ohun èlò orin olókùn tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní ud í ta dáadáa. Lẹ́yìn náà ó kó wọ inú iṣẹ́ al-kimiya, iṣẹ́ àwọn tó ń wá ọ̀nà láti sọ irin lásán di wúrà. Ó ti lé ní ọmọ 30 ọdún kí ó tó kọjú sí ìmọ̀ ìṣègùn gan-an. Ẹ wò ó, ẹ̀yin àgbà tó ń sọ pé ìgbà ìwé ti kọjá lórí yín!

Iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn

Nígbà tó gba ìmọ̀ náà tán, wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn ní Rayy, lẹ́yìn náà ní Baghdad. Ibi tó bá jókòó sí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ a yí i ká ní ìpele-ìpele. Bí aláìsàn bá dé, àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá ni yóò kọ́kọ́ rí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára wọn lọ, wọ́n a fi í ṣọwọ́ sí àwọn tó wà níwájú wọn. Èyí tí gbogbo wọn kò bá rí ojútùú rẹ̀ ni yóò dé ọ̀dọ̀ Ar-Razi fúnra rẹ̀. Báyìí ni aláìsàn ṣe ń rí ìtọ́jú gbà, tí akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ń kọ́ iṣẹ́.

Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé ọlọ́wọ́ lílà ni, ó sì ní àánú àwọn tálákà. Ó máa ń tọ́jú wọn, a sì tún máa fún wọn ní owó tí wọn yóò fi jẹun. Ó kọ ìwé kan fún ẹni tí kò ní oníṣègùn nítòsí, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi ohun tó wà ní àyíká rẹ̀ tọ́jú ara rẹ̀.

Ìwé rẹ̀ lórí ṣànpọ̀nná àti èéyi

Nínú gbogbo ìwé rẹ̀, èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni Kitab al-Jadari wal-Hasba. Al-Jadari ni ṣànpọ̀nná, al-Hasba sì ni èéyi. Àwọn kan ti mẹ́nu ba àwọn àrùn méjèèjì yìí ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó là á yé ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ pé kí ṣànpọ̀nná tó sú síta, ibà a kọ́kọ́ mú aláìsàn, ẹ̀yìn a máa dùn ún, imú a máa yún un, a sì máa ta gìrì lójú oorun. Ó ní ẹ̀yìn dídùn le jù nínú ṣànpọ̀nná, ṣùgbọ́n àìbalẹ̀ ara àti èébì tó ń gbéni le jù nínú èéyi. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n tètè máa tọ́jú ojú àti ọ̀fun ẹni tí ṣànpọ̀nná bá mú, kí àrùn náà má baà bà wọ́n jẹ́. Wọ́n túmọ̀ ìwé yìí sí èdè Látìnì, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1848.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó sọ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ló ń hó bí omi èso àjàrà ṣe ń hó, pé ìyẹn ló ń fa ṣànpọ̀nná. Lónìí a mọ̀ pé kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà hàn wá. Ó bu ọlá fún Galen, àgbà oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì, síbẹ̀ ó kọ odidi ìwé kan láti fi tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ Galen ti mú iyèméjì wá. Ó kọ ìwé lórí ọgbọ́n-orí pẹ̀lú, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀ ni a ń yìn níhìn-ín.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Ar-Razi kì í sinmi ìwé kíkọ. Ọdún 15 ló fi ṣe iṣẹ́ lórí ìwé ńlá kan, lọ́sàn-án lóru, bẹ́ẹ̀ ni ìkọ̀wé rẹ̀ kéré bí èyí tí a fi ń kọ tíírà. Ojú rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ náà rọ. Nígbẹ̀yìn, ojú rẹ̀ fọ́. Ìlú Rayy ló kú sí ní ọdún 313 lẹ́yìn Hijira, èyí tí í ṣe 925. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n kó àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ di ìwé Al-Hawi. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Látìnì ní 1279, àwọn oníṣègùn Yúróòpù sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó tẹ̀lé e

Ar-Razi kò mọ àjẹsára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ àrùn kan yàtọ̀ sí òmíràn kò lè dènà rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Tọ́kì àti ní Áfíríkà ń fi díẹ̀ nínú omi ara ṣànpọ̀nná sí ara ẹni tí kò tíì ní in, kí ó lè mú un díẹ̀ kí ó sì lọ. Ìyá Gẹ̀ẹ́sì kan, Lady Mary Wortley Montagu, rí i ní Tọ́kì, ó sì jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1721. Ní Boston ní Amẹ́ríkà, ẹrú kan tí wọ́n kó láti Áfíríkà, tí wọ́n sọ ní Onesimus, ló sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ní 1796, Edward Jenner fi ti ara màlúù dípò rẹ̀, èyí tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Èyí ló di bupá. Ní 1970 ni ṣànpọ̀nná kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Sòmálíà ló ti mú ẹni ìkẹyìn tó kó o láàárín ìlú ní 1977, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 1980 pé ó ti tán láyé.

Ẹ̀kọ́ fún wa

Èéyi kò tíì tán o, ó ṣì ń pa ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni àjẹsára rẹ̀ ti wà láti 1963. Ní 2003, ìpínlẹ̀ mélòó kan ní Òkè Ọya, tí Kano wà nínú wọn, dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró nítorí àhesọ pé ó ń sọni di àgàn. Àrùn náà tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn ọmọ tó sì rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ nígbà náà ti dàgbà báyìí. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé kòkòrò rẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà.

Ẹ̀yin òbí wa, Ànábì (s.a.w.) pàṣẹ fún wa pé kí á máa wá ìwòsàn. Àwọn àgbà wa náà ní àìsàn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Bí ọmọ bá pé oṣù 9, ẹ gbé e lọ gba àjẹsára èéyi, kí ẹ sì gbé e padà lọ ní oṣù 15. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ń kọ yín lóminú, ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà léèrè, ẹ má gba àhesọ gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kọ́ èdè Lárúbáwá dáadáa, kí ẹ sì tún kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn mọ́ ọn.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní ta wá lọ́rẹ, kí Ó sì dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.