Èṣùgbàyí Eléko: Ọba Èkó Tí Ó Pe Ìjọba Lẹ́jọ́

Kò tíì pẹ́ tí mo bá àwọn àgbà mẹ́rin kan níwájú ilé ní Tunga Low Cost, níbi tí wọ́n ti ń gba atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Bàbá kan nínú wọn ra ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú, wọ́n sì gbọ́ pé ọ̀nà tí ìjọba fẹ́ là yóò gba orí rẹ̀ kọjá. Àwọn yòókù gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n gbé ọkàn kúrò níbẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí í bá ìjọba ṣẹjọ́ kí ó jàre, pàápàá ẹni tí ó jẹ́ àlejò. N kò lè dákẹ́. Mo rán wọn létí ọba kan tí ìjọba Òyìnbó lé kúrò ní ìlú rẹ̀, tí ó sì bá ìjọba náà ṣẹjọ́ títí dé Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo wọn ni ó mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò yé wọn délẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síhìn-ín.

Ọmọ Ọba Dòsùnmú ni Èṣùgbàyí. Dòsùnmú yìí ni ó fi ọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà lójú omi, tí Èkó fi di ti Ọbabìnrin Fikitóríà. Ó wàjà ní 1885, Oyèékàn sì jọba lẹ́yìn rẹ̀ títí di 1900. Ní 1901 ni oyè kan Èṣùgbàyí. Oyè tí ó jẹ kì í ṣe irú èyí tí àwọn baba ńlá rẹ̀ jẹ. Gómìnà ni ó ń pàṣẹ láti Marina. Ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ọba wà ní Ìgà Ìdúngànràn pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì kékeré tí ìjọba ń fún un. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá le ní Èkó, Ìgà ni àwọn ènìyàn ń sáré lọ. Ìjọba mọ èyí, ó sì fẹ́ kí Ọba máa jẹ́ ẹnu tí yóò fi bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Láti 1908 ni ìjọba ti sọ pé ará Èkó yóò máa san owó omi tí a óò fà láti Ìjù. Àwọn ènìyàn kọ̀, wọ́n ní kànga àwọn tó àwọn mu, àti pé Òyìnbó ni ó nílò omi náà jù. Nígbà tí omi dé ní 1915 tí wọ́n sì fẹ́ gba owó rẹ̀, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀. Ìjọba retí pé kí Eléko pàṣẹ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ láti san án. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìtara tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì kà á sí ọlọ̀tẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìjà àwọn Mùsùlùmí Èkó lórí ọ̀rọ̀ Lèmọ́mù àti mọ́ṣáláṣí ńlá wọlé. Ní 1919 Eléko fi àwọn kan joyè nínú ìjà náà láìgba àṣẹ, ìjọba sì dá ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ni ó wá da epo sí iná. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun tí ilẹ̀ Èkó wà lọ́wọ́ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ rẹ̀ ní Àpápá, nǹkan bí éékà 255, fún iṣẹ́ ìlú. Olúwa kò sọ pé ìjọba kò lè gbà á. Ohun tí ó béèrè ni owó gbà-máà-bínú tí ó tó ti onílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Èkó dá a lóhùn pé kì í ṣe onílẹ̀ ní ti gidi, pé ẹ̀tọ́ ìṣàkóso àti gbígba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ó ní, ìyẹn nìkan ni a óò sì san owó lé lórí. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ó bá dúró bẹ́ẹ̀, kò sí ìdílé kan ní Èkó tí ilẹ̀ rẹ̀ yóò tún níye lórí níwájú ìjọba.

Olúwa gbé ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sí Ìgbìmọ̀ Ọba tí a mọ̀ sí Príífì Káńsù, tí ó jẹ́ òpin ẹjọ́ fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Ajàyí Crowther, tí ó jẹ́ sọ̀fẹ́yọ̀, bá a lọ ní 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1921, Lord Haldane ka ìdájọ́ wọn. Ó sọ pé ó léwu kí adájọ́ máa fi ojú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ àwọn ènìyàn Áfíríkà. Pé ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti ti àwùjọ, olóyè sì ń mójú tó o fún wọn. Àti pé nígbà tí Dòsùnmú fi Èkó lélẹ̀ ní 1861, kò fi ohun-ìní àwọn ará ìlú lélẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Owó gbà-máà-bínú náà di £22,500. Ní èrò tèmi, ìdájọ́ yìí ṣe pàtàkì fún Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ogun tí a ń kọrin rẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olórí ìdílé kan wá fi í bojú lẹ́yìn náà láti ta ilẹ̀ ẹbí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta.

Ṣùgbọ́n Macaulay kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ọ̀pá àṣẹ Eléko wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń sọ fún àwọn oníwèé-ìròyìn pé ọba tí ó ni ọ̀pá yìí ni ọba mílíọ̀nù 17 ènìyàn, tí owó tí ìjọba ń fún un kò sì bá ipò rẹ̀ mu rárá. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju òtítọ́ lọ, ẹ jẹ́ kí a gbà bẹ́ẹ̀. Ọba Èkó kò fi ìgbà kan jẹ́ ọba gbogbo Nàìjíríà. Inú bí ìjọba gidigidi. Wọ́n ní kí Eléko sẹ́ Macaulay ní gbangba. Ó gbà láti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò rán an ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ó rán alágogo káàkiri ìgboro láti kéde rẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ní òpin 1920 ìjọba kéde pé òun kò mọ̀ ọ́n lọ́ba mọ́, wọ́n sì dá owó rẹ̀ dúró.

Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún ó jókòó sí Ìgà bẹ́ẹ̀, ọba lójú ará ìlú, aláìjámọ́ nǹkan lójú ìjọba. Ìlú pín sí méjì. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí Macaulay dá sílẹ̀ ní 1923 àti àwọn obìnrin ọjà wà lẹ́yìn Eléko. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn àti apá kan nínú ìdílé Dòsùnmú fúnra rẹ̀ lòdì sí i. Ní 1925 apá ìdílé yìí sọ pé àwọn ti rọ̀ ọ́ lóyè. Ìjọba gba ọ̀rọ̀ wọn wọlé kíá. Òfin kan wà láti 1917 tí ó fún Gómìnà lágbára láti lé olóyè tí a ti rọ̀ lóyè kúrò ní agbègbè rẹ̀. Òfin yìí ni wọ́n lò. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 1925 ni wọ́n gbé Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi Ìbíkúnlé Akítóyè sórí oyè dípò rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni ó lò ní Ọ̀yọ́, ní àkókò Aláàfin Síyanbọ́lá Ládìgbòlù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú onílùú mọ bí ọdún mẹ́fà ti gùn tó, tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀yin lè wọ ọkọ̀ lọ sílé nígbà ọdún. Òun kò lè lọ. Ilé-ẹjọ́ nìkan ni ọ̀nà tí ó kù.

Àwọn lọ́yà rẹ̀ béèrè fún ìwé àṣẹ tí ń mú kí ẹni tí ó há ènìyàn mọ́ gbé e wá síwájú adájọ́ kí ó sì sọ òfin tí ó fi há a mọ́. Adájọ́ kan ní Èkó kọ̀. Wọ́n lọ bá òmíràn, ẹni yìí ní òun kò lè gbọ́ ọ nítorí pé ilé-ẹjọ́ kan náà ti dá a. Wọ́n gba Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ní 1928 Príífì Káńsù sọ pé ní ọ̀rọ̀ òmìnira ara ènìyàn, ẹni tí a há mọ́ lè ti ọ̀dọ̀ adájọ́ kan lọ sí ọ̀dọ̀ adájọ́ mìíràn, olúkúlùkù wọn ni ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ẹjọ́ wá padà sí Èkó láti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni wọ́n ju Macaulay sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, nítorí pé ìwé ìròyìn rẹ̀ tẹ ìròyìn kan jáde pé àwọn kan ń gbìmọ̀ láti pa Eléko bí ó bá ń padà bọ̀. Ọba Akítóyè sì wàjà ní 1928 yìí, Sánúsí Olúsì gorí oyè.

Ní Èkó Eléko tún pàdánù, ẹjọ́ náà sì tún wọ ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí ìjọba ń sọ ni pé àṣẹ Gómìnà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣàkóso, adájọ́ kò lẹ́nu níbẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta 1931 ni Lord Atkin ka ìdájọ́ tí ó fọ́ ọ̀rọ̀ náà túútúú. Ó ní kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan, bí ó ti wù kí ó ga tó, tí ó lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun-ìní ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àyàfi bí ó bá lè fi òfin ti ohun tí ó ṣe lẹ́yìn níwájú ilé-ẹjọ́. Bí òfin bá sọ pé olóyè tí a rọ̀ ni a lè lé, adájọ́ gbọ́dọ̀ wádìí bóyá olóyè ni, bóyá a rọ̀ ọ́ lóòótọ́, bóyá àṣà ìbílẹ̀ sì pàṣẹ pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ìlú sílẹ̀. Gómìnà kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kí ó tún jẹ́ onídàájọ́.

Lórí àṣà yìí, ohun kan wà nínú ìdájọ́ náà tí kì í sábà jẹ́ ohun tí à ń sọ. Ọ̀rọ̀ wáyé pé ìyà tí ó le ju ìléjáde lọ ni ọba tí a rọ̀ ń jẹ láyé àtijọ́, ìléjáde sì jẹ́ ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Atkin kò gbà. Ó ní adájọ́ lè kọ àṣà tí ó burú, ṣùgbọ́n kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe kí ó di èyí tí ó rọjú. Àwọn tí ó ni àṣà nìkan ni ó lè yí i padà, ìtẹ́wọ́gbà wọn ni ó sì ń sọ ọ́ di òfin.

Kì í ṣe pé ìdájọ́ náà dá Eléko padà sórí oyè. Ó kàn ní kí ilé-ẹjọ́ Èkó lọ wádìí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni. Ṣùgbọ́n ìjọba mọ̀ pé ìwádìí náà lè dójú ti òun. Donald Cameron, tí ó dé gẹ́gẹ́ bí Gómìnà ní 1931, yàn láti parí ìjà. Sánúsí Olúsì gbà láti kúrò ní Ìgà wọ́ọ́rọ́wọ́, ìjọba sì pèsè fún un. Ìwà àgbà ni ó hù, kò sì yẹ kí a gbàgbé rẹ̀. Èṣùgbàyí padà sí Èkó, ìlú sì jáde pàdé rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Díẹ̀ lé ní ọdún kan ni ó lò sí i. Ó wàjà ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá 1932, Fálólù sì jọba lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹjọ́ rẹ̀ kò bá a wàjà. Títí di òní ni àwọn lọ́yà Nàìjíríà ń pe orúkọ rẹ̀ níwájú adájọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé Shugaba Abdurrahman Darman, aṣáájú ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù ní ilé aṣòfin Borno, jù sí Chad ní oṣù kìíní 1980 pẹ̀lú ẹ̀sùn pé kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, ilé-ẹjọ́ gíga Maiduguri sọ pé kò bófin mu, wọ́n sì ní kí wọ́n san owó ìtanràn fún un.

Nípa ti ilẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀ sí ti ìgbà Olúwa. Ní ilẹ̀ Àríwá, òfin ilẹ̀ ti 1962 ka ẹni tí bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹ̀yà Àríwá sí àlejò, ọmọ Ìlọrin kò sì sí lára wọn bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ni ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ Gómìnà. Ó lè gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo ìlú, owó ohun tí ènìyàn kọ́ tàbí gbìn sórí rẹ̀ ni yóò sì san, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ náà ń tà lọ́jà. Ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ 1999, ní abala 44, sọ pé a gbọ́dọ̀ san owó náà kíákíá, àti pé ẹni tí a gba nǹkan rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti lọ sí ilé-ẹjọ́ ní apá ibi tí ohun-ìní náà wà, ì báà ṣe ọmọ ìlú tàbí àlejò.

Àwọn bàbá tí mo ń sọ gbọ́ èyí tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá onílẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìwé tí àwọn ní jẹ́ ti Gómìnà tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n wọlé lọ mú un wá, a sì tan iná láti wò ó.