Ẹrù ààfin Béhanzin àti àwa ọmọ Yewa

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Ìdógò, bí ọmọdé bá kọ̀ tí kò sùn, orúkọ Dàhòmì ni ìyá mi àgbà máa fi ń dẹ́rù bà á. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlọ́ o. Ọmọ ogun Dàhòmì ló pa Ìṣàgà run ní 1862, àwọn náà ló tún tú Kétu ká ní 1886, wọ́n sì kó èèyàn lẹ́rú bí ẹni kó ẹran. Glele, bàbá Béhanzin, ló wà lórí oyè nígbà méjèèjì. Ẹ má bínú, ìdí nìyẹn tí ìtàn Béhanzin kì í fi í rọrùn fún mi.

Kondo ni wọ́n ń pè é kó tó jọba. Kò tíì jókòó dáadáa lórí àga bàbá rẹ̀ tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀ láàárín òun àti Faransé lórí Kútọnu. Ní 1892, Faransé kó ogun gidi dé. Dodds ni olórí ogun wọn, ọmọ tí wọ́n bí ní Sẹ̀nẹ̀gà, tí ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú wà lára òun náà. Ẹ wo ayé! Nígbà tí Dodds fi máa wọ Abomey ní oṣù kọkànlá, Béhanzin ti dáná sun ààfin, ó ti wọ igbó lọ. Ó fara pamọ́ títí di oṣù kìíní 1894 kó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Martinique ni wọ́n gbé e lọ, erékùṣù kan lọ́hùn-ún ní òdìkejì òkun, òun pẹ̀lú díẹ̀ nínú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ó lo bí ọdún méjìlá níbẹ̀, ilé nìkan ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá òun padà sí. Àlùjíríà ni wọ́n mú un lọ, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1906. 1928 ni òkú rẹ̀ tó dé Abomey. Ouanilo, ọmọ rẹ̀ tó di lọ́yà ní Faransé, ló tẹ̀ lé òkú bàbá rẹ̀ wálé. Ìgbà tó ń padà lọ ni òun náà kú sí Dakar. Ìyẹn dùn mí, kí n má purọ́.

Àmọ́ Dodds ti kó ẹrù ààfin lọ sí Paris ní tirẹ̀: àga ọba, ilẹ̀kùn ààfin, ère mẹ́ta, títí kan ère Béhanzin alára, èèyàn tó ní orí ẹja shark. Ọdún 2021 ni Faransé tó dá 26 padà nínú wọn. Mo bá wọn yọ̀. Ẹrù olè lẹrù olè ń jẹ́, ibi yòówù kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn àga yẹn dáadáa. Àwọn ẹrú tí wọ́n so pọ̀ ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, tí ọba jókòó lé lórí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń so àwọn ará Ìṣàgà àti Kétu lọ. Gbogbo ariwo ìpadàbọ̀ yìí, orúkọ ọba nìkan ni mò ń gbọ́. Ta ló máa kọ ti àwọn wọ̀nyẹn sí ẹ̀gbẹ́ àga náà?

Bí wọ́n bá tún pàtẹ wọn, màá sọdá bọ́dà lọ wò ó. Ìsàlẹ̀ àga yẹn ni màá kọ́kọ́ lọ dúró sí.