Padre Antonio: Ọmọ Ìjọ tí ó Kọ́ Ẹ̀kọ́ kí ó tó Sin Ìjọ

Bí a ti ń yọ ayọ̀ júbílì wa, tí a sì ń dárúkọ àwọn àlùfáà tí wọ́n ti ṣe làálàá láàrin wa, ó yẹ kí a rántí pé kì í ṣe àwọn àlùfáà nìkan ni ó gbin ìgbàgbọ́ sí ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọmọ ìjọ lásán ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí àwọn àlùfáà tó dé. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Padre Antonio ti ìlú Èkó. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ ní ṣókí fún ẹ̀yin ará ní Pobè àti Sakété, nítorí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Antonio ti jẹ́ ẹrú rí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí í sọ ibi di rere fi í sí ọwọ́ àwọn àlùfáà. Lọ́dọ̀ wọn ni a ti tọ́ ọ, tí ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ àti ìlànà ìsìn Ìjọ. Kò gba oyè àlùfáà. Nígbà tí ó di òmìnira, ó wá sí Èkó, ó sì bá àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú Bràsíìlì padà dé níbẹ̀, àwọn tí a ń pè ní Àgùdà. Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì ń gbàdúrà ní èdè Potogí, ṣùgbọ́n wọn kò ní àlùfáà. Láti ara orúkọ wọn ni àwọn Yorùbá ti ń pe ìjọ Kátólíìkì ní ìjọ Àgùdà títí di òní.

Agbo tí kò ní olùṣọ́ kì í pẹ́ túká. Antonio kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó ń kó àwọn ènìyàn jọ fún àdúrà, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katikísímù, ó ń ṣe ìrìbọmi, ó sì ń gbàdúrà fún àwọn tí ń kú lọ àti àwọn tí ó ti kú. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Padre, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ bí àwa náà.

Ní ọdún 1860 ni Póòpù dá Fíkáríéètì Dahomey sílẹ̀, láti odò Volta títí dé odò Ọya, ó sì fi lé ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà tí Bíṣọ́ọ̀bù de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856 lọ́wọ́. Nítorí náà, abẹ́ àbójútó kan ṣoṣo ni Èkó àti agbègbè tiwa wà nígbà náà. Fada Francesco Borghero gúnlẹ̀ sí Ouidah ní 1861. Nígbà tí ó bẹ Èkó wò ní oṣù Kẹsàn-án 1863, kì í ṣe ilẹ̀ aṣálẹ̀ ni ó bá, bí kò ṣe ìjọ tí ó ti ń gbàdúrà. Ọdún kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ní 1868 ni Fada Pierre Bouche wá di àlùfáà àkọ́kọ́ tí ó fi Èkó ṣe ibùgbé.

Ibí yìí ni ẹwà ìtàn náà wà. Ẹni tí gbogbo ìlú ti ń pè ní Padre fún ọdún púpọ̀ lè bínú nígbà tí àlùfáà dé. Antonio kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fa agbo lé Fada lọ́wọ́, ó sì ń bá a ṣiṣẹ́. Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ni ó ràn án lọ́wọ́: ó mọ ohun tí ó tọ́ sí ọmọ ìjọ láti ṣe, ó sì mọ ohun tí ó jẹ́ ti àlùfáà.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí. Láti 1861 títí di 1928, nígbà tí Fada Thomas Mouléro, ọmọ Kétou, di ọmọ Dahomey àkọ́kọ́ tí ó gba oyè àlùfáà, ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Láàrin àkókò yẹn, ta ni ó ń kọ́ni ní abúlé tí Fada kò lè dé? Àwọn katikíìsì ni. Títí di òní, èjìká wọn ni iṣẹ́ púpọ̀ wà.

Síbẹ̀, àwa náà jẹ̀bi. A máa ń rò pé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ nípa Ọlọ́run kò kan ẹni tí kì í ṣe àlùfáà. Bí a bá ń wá olùkọ́ katikísímù, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ni a ń yàn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá wá bi wá léèrè ìdí ìgbàgbọ́ wa, a ó máa wo ilẹ̀. Ìpàdé ńlá Vatican Kejì ti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àpọ́sítélì àwọn ọmọ ìjọ ní 1965. Ìwé Òfin Ìjọ ti 1983 sì fún ọmọ ìjọ ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí títí dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó tún pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá fi ara rẹ̀ fún iṣẹ́ Ìjọ kọ́ ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè. Ẹni tí kò ní, kò lè fún ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ jẹ́ kí júbílì yìí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàrin wa. Kí Olúwa fún Padre Antonio àti gbogbo katikíìsì wa tí ó ti kọjá lọ ní ìsinmi àìnípẹ̀kun, kí ó sì gbé àwọn mìíràn dìde ní Pobè àti Sakété. Àmín.