Ìtàn Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, Olorì Ọlọ́wọ̀

Ó ṣòro láti rí ọmọ Ọ̀wọ̀ tí kò gbọ́ orúkọ Ọ̀rọ̀nsẹ̀n rí. Ọ̀pọ̀ ènìà ni ó mọ ọdún rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti ro ìgbé-aiyé rẹ̀ nílé ọkọ kò tó nǹkan. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ pìtàn rẹ̀, gẹ́gẹ́bí àwọn àgbà ti fi lé wa lọ́wọ́. Kì í ṣe nítorí ìbọ, bíkòṣe nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó ní agbo ilé.

Nígbàtí Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n jẹ́ Ọlọ́wọ̀ ní aiyé àtijọ́, ó rí obìnrin kan tí ẹwà rẹ̀ wọ̀ ọ́ lójú, ó sì fẹ́ ẹ sílé. Àwọn àgbà a máa wí pé obìnrin náà kì í ṣe ènìà lásán, àti pé ọrọ̀ bá a wọ ààfin. Ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ mẹ́ta: a kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá níbi tí ó gbé wà, ẹni tí ó ti oko dé kò sì gbọdọ̀ sọ ẹrù igi ìdáná kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọba gbà bẹ́ẹ̀.

Njẹ́ ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò. Ta ni í lọ ilá nínú ilé? Ta ni í da omi, ta ni í sì ru igi wá sí ìdí ààrò? Ọba kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Àwọn olorì ìyókù àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ni iṣẹ́ wọ̀nyí wà lọ́wọ́ wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọba ṣe ìlérí, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn orogún ìyàwó tuntun ni ìlérí náà wà. Bí ọba sì ti fẹ́ràn rẹ̀ ju wọn lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni inú wọn ń bàjẹ́ sí i tó.

Ní ọjọ́ kan tí ọba kò sí nílé, àwọn olorì mú ìlara wọn ṣẹ. Wọ́n lọ ilá, wọ́n da omi sí àgbàlá, wọ́n sì sọ ẹrù igi kalẹ̀ gbì níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀nsẹ̀n dìde, ó sì jáde kúrò láàfin. Nígbàtí ọba gbọ́, ó rán àwọn ènìà tọ̀ ọ́ lọ kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ padà, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Igbó Lájà ni ó wọ̀, níbẹ̀ ni a kò sì ti rí i mọ́. Gèlè rẹ̀ nìkan ni ó kù lọ́wọ́ àwọn tí ń lépa rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Ọ̀wọ̀ ti ń ṣe ọdún Ìgogo ní ìrántí rẹ̀, fún ọjọ́ 17, ní oṣù Kẹsàn-án. Ní àkókò náà a kì í lu ìlù, agogo ni a ń lù; ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í sì í wé gèlè. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ a di irun bí obìnrin, a sì wọ aṣọ obìnrin pẹ̀lú iyùn, a sì jáde bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ìlú.

Igbó Lájà náà kì í ṣe ibi àná. Láàrin ọdún 1969 sí 1971, Ọ̀mọ̀wé Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì rí àwọn ère amọ̀ púpọ̀, orí ènìà àti ẹkùn tí ó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìà wà nínú wọn. Àwọn onímọ̀ ṣírò wọn sí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ère náà kò sọ orúkọ Ọ̀rọ̀nsẹ̀n fún wa, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti ka ibẹ̀ sí.

Àwọn olorì ni a sábà máa ń dá lẹ́bi nínú ìtàn yìí, ẹ̀bi wọn kò sì kéré. Ṣùgbọ́n àwa kò gbọ́ pé ọba jókòó bá wọn sọ̀rọ̀, kí ó tó fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣe ẹ̀jẹ́ fún ẹlòmíràn. Lójú tiwa, kò ṣàjèjì pé Ọlọ́wọ̀ ni ó ń di irun lọ́dọọdún, kì í ṣe àwọn olorì. Ẹ̀yin baálé, kí ẹ tó ṣe ìlérí lórúkọ agbo ilé yín, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tí yóò mú un ṣẹ léèrè.