Joseph Everett Dutton

Púpọ̀ nínú màlúù tí wọ́n ń pa tà ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni ó ti Òkè Ọya wá. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé eṣinṣin tsetse wà nínú igbó, ó sì ń fi àrùn pa màlúù. Ìbátan kòkòrò àrùn yìí ni ó ń fa àrùn oorun lára ènìyàn. Joseph Everett Dutton ni ó kọ́kọ́ dá a mọ̀ dájú nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn.

Ní 1874 ni a bí Dutton ní agbègbè Cheshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú Liverpool ni ó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, láti ibẹ̀ ni a sì ti rán an wá sí Nàìjíríà ní 1900 láti wádìí ibà.

Ní 1901 ó lọ sí Bathurst ní ilẹ̀ Gambia, ìlú tí ń jẹ́ Banjul nísinsìnyí. Dókítà Forde tí ó wà níbẹ̀ ti rí ohun kan tí ó dà bí aràn nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tí ibà kò fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí í ṣe. Ní oṣù Kejìlá, ó fi aláìsàn náà han Dutton.

Maikirosikóòpù, awò tí ń sọ ohun tíńtín di ńlá, ni Dutton fi wo ẹ̀jẹ̀ náà. Nínú ẹ̀jẹ̀ tútù, kòkòrò yìí a máa lúwẹ̀ẹ́, a sì máa ti àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa sọ́tùn-ún sósì. Gígùn rẹ̀ kò ju ti mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ní 1902 Dutton sọ ọ́ ní Trypanosoma gambiense. Ní 1903 ni a rí irú rẹ̀ lára àwọn alárùn oorun ní Uganda.

Ní ọdún náà, Dutton àti Todd, ará Kánádà, lọ sí Kóńgò. Wọ́n fi hàn pé eégbọn ni ó ń ko ibà kan tí í lọ tí í sì í padà. Lẹ́nu iṣẹ́ náà ni ibà ọ̀hún mú àwọn méjèèjì. Todd yè é. Dutton kú ní Kasongo ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, 1905, ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Lónìí, maikirosikóòpù mìíràn wà tí ń ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó sì ń fi ìlúwẹ̀ẹ́ kòkòrò náà hàn kedere. Ṣùgbọ́n bí Forde bá ti tijú láti béèrè, ìmọ̀ yìí ì bá pẹ́ kí ó tó dé. Abèèrè kì í ṣìnà.