Ta ni Komla Gbedemah, ọmọ tí wọ́n bí sí Warri tó di àpò owó Ghana mú nígbà òmìnira?

Ìlú Warri ní Nàìjíríà ni wọ́n bí Komla Agbeli Gbedemah sí lọ́dún 1913. Ewe láti Gold Coast ni àwọn òbí rẹ̀.

Òun ló tukọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú CPP nígbà tí Kwame Nkrumah wà lẹ́wọ̀n, ẹgbẹ́ náà sì borí nínú ìbò ọdún 1951. Ní 1954, ó di mínísítà ètò ìṣúná.

Òmìnira ti ń bọ̀, ẹ̀rù sì ń ba àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ọba nípa owó ìfẹ̀yìntì wọn. Bí gbogbo wọn bá kó ẹrù lọ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ ìjọba lè dẹnu kọlẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ìlú tí yóò rọ́pò wọn kò tíì tó.

Ní 1955, ìjọba gbé ètò owó gbà-má-bínú kalẹ̀. Òyìnbó tó bá fẹ́ lọ yóò gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, àti owó mìíràn lé e lórí.

Àpò Gold Coast ni owó náà ti jáde: owó kòkó àgbẹ̀, àti owó orí àwọn oníṣòwò bíi ti Cow Lane ní Accra. Bẹ́ẹ̀, ní 1948, ní Accra yìí kan náà, wọ́n yìnbọn pa ọmọ ogun fẹ̀yìntì mẹ́ta tó ń wọ́de nítorí ẹ̀tọ́ tiwọn.

Òmìnira dé ní 1957, iṣẹ́ ìjọba kò sì dúró. Ní àwọn ọdún 1970, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá gba ẹrù owó ìfẹ̀yìntì àwọn òyìnbó náà sọ́rùn.

Àárín Gbedemah àti Nkrumah dàrú ní 1961, ó sì sá kúrò nílùú. Ó padà sílé lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1966. Ọdún 1998 ló kú.